Àwòrán Marina Lára Ògiri Ọ̀kà

Ìbéèrè

Màmá, ilé tí mo ń kọ́ ní Ọ̀kà Àkókó ti parí. Mo ra àwòrán ńlá mẹ́fà l'Ékòó láti fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́: Marina, Broad Street, afárá Carter, Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, gbogbo rẹ̀ láyé ìjọba òyìnbó. Nígbà tí bàbá mi rí wọn, wọ́n ní, "Òyìnbó tó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, kí lo tún ń gbé e bọ̀ wá ṣe?" Fọ́tò bàbá bàbá mi kan tún wà lọ́wọ́ mi, níbi tí wọ́n ti dúró níwájú bọ̀lẹ̀kájà n'Íkàrẹ́, àmọ́ ó ti ń ṣá. Ṣé kí n kọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀? Ibo ni kí n kọ́ wọn sí?
– Onílé Tuntun, Ọ̀kà

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o kú oríire. Ilé á tura o.

Bá mi kí Bàbá. Sọ fún wọn pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló gbé kámẹ́rà nígbà náà. Èkó ni wọ́n bí George da Costa sí ní 1853. Ó bójú tó ilé ìtàwé CMS fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ńlá tí Allister Macmillan ṣe lórí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1920. Neils Walwin Holm, ọmọ Gold Coast, dé Èkó ní 1896, ó sì ṣí ilé fọ́tò síbẹ̀. Nítorí náà, bi ẹni tó ta àwòrán fún ọ pé ta ló yà wọ́n. Bí ó bá mọ̀, kọ orúkọ náà sí ẹ̀yìn férémù.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Bàbá ní ìdí. Púpọ̀ nínú àwòrán ìlú wa tó ń káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá láti inú àkójọ iléeṣẹ́ ìjọba òyìnbó tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà. CO 1069 ni orúkọ àkójọ náà ní National Archives ìlú London, ọdún 2011 ni wọ́n sì gbé apá ti Áfíríkà síta fún gbogbo ayé. Ohun tí òyìnbó kọ́ ló sábà máa ń wà láàárín irú àwòrán bẹ́ẹ̀: afárá, kóòtù, rélùwéè. Ọmọ onílẹ̀ á kàn máa kọjá ní ẹ̀gbẹ́. Tèmi ni pé kí o mú méjì tàbí mẹ́ta tí ojú èèyàn ti hàn dáadáa: obìnrin tó gbé igbá, ọmọdé tó ń wo kámẹ́rà. Mẹ́fà ti pọ̀ jù fún pálọ̀ kan.

Tún yẹ ọdún tí wọ́n kọ sí wọn wò. Bí ilé gàgàrà alájà 26 bá yọ nínú Dùgbẹ̀ rẹ, Cocoa House nìyẹn. 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, òyìnbó ti lọ. Wo àwọn ọkọ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. Kó tó dìgbà náà, apá òsì ni. Bí wọ́n bá kọ 1948 sí àwòrán tí ọkọ̀ ti ń tọ apá ọ̀tún, fura. Ka pátákó ìtajà inú rẹ̀: bí lẹ́tà bá kọjú sódì, ẹni tó tẹ àwòrán náà ló yí fíìmù sódì.

Fọ́tò bàbá bàbá rẹ ni olórí gbogbo wọn. Má kọ́ ojúlówó rẹ̀ rárá. Jẹ́ kí wọ́n sikáànì rẹ̀ ní 600 dpi, kí wọ́n sì tẹ ẹ̀dà ńlá jáde. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, má fà á. Kí wọ́n sikáànì rẹ̀ tòun ti gíláàsì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ fi rọ́bà bò ó, ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú. Fi ojúlówó sínú àpòòwé, kí o gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ga kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Ní ti ẹ̀dà, ní kí oníférémù fi kádíbọ́ọ̀dù tó nípọn pààlà láàárín fọ́tò àti gíláàsì, torí ọ̀rinrin ìgbà òjò ló máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Ògiri tí àlejò kọ́kọ́ dojú kọ ni kí o kọ́ ẹ̀dà náà sí, kí Marina àtàwọn yòókù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yẹra fún ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Kí àárín fọ́tò tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sílẹ̀. A máa ń kọ́ fọ́tò sókè téńté nílẹ̀ wa, àfi bí ẹni pé aláǹgbá la kọ́ ọ fún.

Fi fóònù fẹ bọ̀lẹ̀kájà yẹn lójú, kí o wo nọ́ńbà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú orí rẹ̀, kí o sì bi Bàbá pé ta ló ni ọkọ̀, ta ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú pópó wo nìyẹn. Gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ wá ìwé ìgbà náà, Ọ̀wọ̀ Division ni Àkókó wà nígbà yẹn. Orúkọ yẹn ni kí o béèrè ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí fọ́tò ojú pópó Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà àtijọ́ wà nínú àpótí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ fún sikáànì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.