Níbo ni ká gbé ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ kékeré méjì ránṣẹ́ sí wa, ọ̀kan fún èéfín, èkejì fún gáàsì tí wọ́n kọ CO sí lára. Ọkọ mi kan ti èéfín mọ́ àjà kíṣìnì. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń din dòdò ló ń ké, ni wọ́n bá yọ bátìrì rẹ̀. Èkejì ṣì wà nínú páálí. Fàráńdà ẹ̀yìn ni jẹnẹrétọ̀ wa wà, lábẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n a máa ń ti fèrèsé náà pa kí èéfín má baà wọlé. Ṣé a nílò àwọn ẹ̀rọ yìí lóòótọ́? Níbo ni ká gbé wọn sí? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Màmá, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn kúrò lábẹ́ fèrèsé àwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ kó di alẹ́.

Fèrèsé tí ẹ ń tì kò tó. Èéfín dúdú tí ojú rí, tí imú gbọ́, kọ́ ni mò ń bẹ̀rù jù. Gáàsì carbon monoxide, CO tí ẹ rí lára ẹ̀rọ, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń gba ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn àti ihò fèrèsé wọlé. Ó ń jáde lára pẹtiróòlù, dísù, èédú, igi àti kẹrosíìnì tó bá ń jó. Bí ènìyàn bá ti fà á símú, ó ń di ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ mú. Agbára tó fi ń dì í mú ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ẹ̀fọ́rí, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pè é ní ibà. Bí gbogbo ará ilé bá ní ẹ̀fọ́rí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì fúyẹ́ nígbà tí wọ́n jáde síta, ẹ má ra oògùn ibà. Ẹni tó bá sì ti sùn kò ní mọ ìkankan nínú àmì wọ̀nyí.

Ó kéré tán, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé tó mítà 6, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, ti aládùúgbò pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbàlá wa kò ní àyè tó bẹ́ẹ̀. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tàn án sùn láéláé. Iná àti fáànù tí à ń cháàjì yóò gbé yín di òwúrọ̀. Bí ẹ tilẹ̀ ra sólà lọ́la, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ṣì lè fẹ́ gáàsì sí yín nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ nílò ẹ̀rọ náà.

Ní England tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbé, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2022, òfin mú un ní dandan fún onílé tó ń gbowó ilé láti fi ẹ̀rọ CO sí yàrá tí ohun tó ń jó gáàsì tàbí epo bá wà, yàtọ̀ sí sítóòfù gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná káàkiri ilé ni wọ́n ń ṣọ́ jù, òun náà ni ìwé inú páálí yóò máa sọ. Jẹnẹrétọ̀ tiwa wà níta, nítorí náà ẹ má tẹ̀ lé ìwé náà lọ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Afẹ́fẹ́ tí àwọn tó sùn ń mí la fẹ́ kó máa ṣọ́. Yàrá àwọn ọmọ ni kí ẹ gbé e sí, lára ògiri tàbí lórí pákó, ní ìwọ̀n gíga tí orí ọmọ tó sùn wà. Kó jìnnà sí fèrèsé àti fáànù, kí kọ́tìnì má bò ó. Gáàsì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó ń dàpọ̀ mọ́ ọn ni. Gáàsì ìdáná ló máa ń wọlẹ̀, ẹ̀rọ yìí kò sì lè ta yín lólobó bí sílíńdà bá ń jò.

Ẹ má gbé e sẹ́nu sàlẹ́ńsà láti dán an wò. Bọ́tìnnì rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Kì í ké ní kété tó bá gbọ́ díẹ̀: bí gáàsì náà bá jẹ́ 50 nínú mílíọ̀nù kan, ìlànà Yúróòpù ní kó ké láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 90, bó bá jẹ́ 300, kí ìṣẹ́jú 3 tó pé.

Bó bá ké lóru, ẹ gbé àwọn ọmọ, ẹ jáde, ẹ kà wọ́n, ẹ pe 112. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ẹni tí gáàsì mú ní epo pupa tàbí mílíìkì. Inú ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì wà, ikùn ni epo ń lọ. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́ lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á. Ọ́síjìn ni oògùn rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó ń gba nǹkan bí wákàtí 4 sí 6 kí ìdajì gáàsì náà tó kúrò lára; bí wọ́n bá fi ìbòmú fún un ní ọ́síjìn nílé ìwòsàn, nǹkan bí wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àsìkò yẹn wá epo.

Ti èéfín rọrùn. Dòdò kò jẹ̀bi, ọkọ yín náà kò jẹ̀bi, kíṣìnì ni kò yẹ ẹ̀rọ náà. Ẹ dá bátìrì rẹ̀ padà, kí ẹ kàn án mọ́ àárín àjà páséèjì tó já sí àwọn yàrá ìsùn, kó jìnnà sí ògiri àti gílóòbù tó sẹ̀ǹtímítà 30. Lóṣooṣù, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì àwọn méjèèjì. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku ojú wọn. Ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn sí ẹ̀bá wọn. Bí ọ̀kan bá ń dún “píìn” lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, bátìrì ló ń béèrè.

Ẹ yí ẹ̀yìn wọn wò, ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n tàbí ọdún tí wọn yóò parí iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ti èéfín kì í ju ọdún 10 lọ, ti CO jẹ́ ọdún 5 sí 10, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá ṣe kọ ọ́. Bí èyí tó wà nínú páálí bá ti kọjá ọdún rẹ̀, ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín fi òmíràn ránṣẹ́.