Yẹ Áàtì Wò Kí O Tó Ní Kí Wọ́n Ra Bátìrì

Ìkòsí-Kétu,
Kòṣọ̀fẹ́, Èkó.

Ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé o ti gba fírídọ̀mù, o sì ń wá ṣọ́ọ̀bù nítòsí Máìlì 12. Olúwa á fìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀ fún ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti bá ọ sọ, torí òun ló ń ba orúkọ ọ̀pọ̀ rìwáyà jẹ́: ọ̀rọ̀ áàtì.

Ọkọ̀ tó ti gbó ni wọn yóò máa gbé wá bá ọ: dánfó Volkswagen, Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Bọ́dì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná ń gbà padà sí nẹ́gẹ́tífù bátìrì. Ṣùgbọ́n orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, iná kì í sì í gba inú rọ́bà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so wáyà áàtì mọ́ ẹ́ńjìnnì tàbí gíábọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì dè é mọ́ bọ́dì.

Wáyà yìí ni ìpẹtà ń jẹ ládùúgbò wa. O mọ bí odò Ògùn ṣe ń kún wọ Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá Máìlì 12. Ọkọ̀ tó bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀, abẹ́ nọ́ọ̀tì áàtì lè ti dípẹtà, kí òkè rẹ̀ ṣì máa dán.

Bí kíìkì kò bá lágbára, bátìrì tuntun ni àwọn kan máa ní kí awakọ̀ lọ rà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kíìkì máa ń fa iná tó ju 100 ámpù lọ. Bí áàtì kò bá gbé e, iná náà lè gba okùn àsìlérétọ̀ padà, kí okùn náà gbóná títí á fi jó. Bí iná iwájú bá sì ń ṣẹ́jú pẹ̀lú tráfíkétọ̀, áàtì ni kó o kọ́kọ́ fura sí.

Mú mítà. Fi ẹnu kan sórí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, kí èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì tí kò lọ́dà lára, kí awakọ̀ wá sítáàtì. Bó bá ju 0.5 fóòtì lọ, ọ̀nà àbọ̀ iná ti bàjẹ́ nìyẹn. Kọ́kọ́ yọ nẹ́gẹ́tífù bátìrì. Tú áàtì, fi sánpépà ha ìpẹtà àti ọ̀dà títí irin á fi dán, dè é le, kó o tó fi gírísì bo òkè rẹ̀. Bí wáyà bá ti ń já, wá èyí tó nípọn bíi tirẹ̀ ní ọjà Owódé Onírin. Lẹ́yìn náà, tún un wọ̀n.

Ṣọ́ra fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bíi Morris Minor: pọ́sítífù ni wọ́n so mọ́ bọ́dì ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Fi ohun tó o rí han oníbàárà, kó o sì gba owó iṣẹ́ rẹ láìtijú. Owó oúnjẹ ìdílé ló wà lórí dánfó. Ẹni tó bá mú kí awakọ̀ ra bátìrì tí kò nílò, owó oúnjẹ yẹn ló gbà.

Bá mi kí ìyá rẹ. Olúwa á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.