Ìyá Ànábì Músá àti Ẹni tí Ó Ń Retí Àyẹ̀wò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn kí ahọ́n tó sọ ọ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi kí n tó sọ fún yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan tí ó kọjá, arábìnrin kan nínú jàmáà wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó ti gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí láìdárúkọ rẹ̀. Ó rí kókó kan nínú ọyàn rẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín ní Ìlaròó, ó sì kọ ìwé fún un kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ní Abẹ́òkúta. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó pé. Kò bi mí bóyá òun yóò kú. Ohun tí ó bi mí ni pé: “Àáfà, mo ń kírun, mo ń ṣe àdúà, síbẹ̀ àyà mi ń já, n kò sì rí oorun sùn. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò pé ni?”

Ẹ̀yin ará mi, ìbéèrè yẹn bá mi níbi tí ó ń dùn mí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi náà retí èsì àyẹ̀wò fún ọjọ́ 19, nítorí ìtọ̀ tí kò já gaara mọ́. Mo ń gun mínbárì, mo ń wàásù lórí sùúrù. Bí mo bá délé, fóònù ni mo ń yọ wò bóyá wọ́n ti pè mí. N kò sọ fún ẹnì kankan, títí kan ìyàwó mi. Mo rò pé ẹni tí ń dúró níwájú jàmáà kò gbọdọ̀ bẹ̀rù. Àṣìṣe ni mo ṣe, Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sì ti kọ́ wa ní ohun tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú Sùúrà Al-Qasas, Ọlọ́hun sọ ìtàn ìyá Ànábì Músá. Fíríáónà ń pa àwọn ọmọkùnrin. Ọlọ́hun fi sí ọkàn ìyá yìí pé kí ó gbé ọmọ rẹ̀ sójú odò, Ó sì ṣe ìlérí pé Òun yóò dá a padà fún un. Ẹ gbọ́ o: ìlérí Ọlọ́hun wà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ lọ tán, ọkàn rẹ̀ ṣófo, ó sì kù díẹ̀ kí ó tú àṣírí náà síta, bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́hun mú ọkàn rẹ̀ dúró. Ọlọ́hun kò bá a wí nítorí ẹ̀rù yẹn. Kò pè é ní aláìgbàgbọ́. Ó di ọkàn rẹ̀ mú.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: kí àyà máa já kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì wa fúnra rẹ̀ máa ń tọrọ ìṣọ́ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ àníyàn àti ìbànújẹ́. Bí àníyàn bá jẹ́ àmì àìnígbàgbọ́, kí ni ó dé tí ó fi kọ́ wa ní àdúà rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ kejì: ìyá Ànábì Músá kò jókòó tẹtẹrẹ. Ó rán ọmọbìnrin rẹ̀ pé kí ó tọpa àpótí náà. Ẹ̀rù ń bà á, ó gbára lé Ọlọ́hun, ó sì ṣe ohun tí ó kàn án láti ṣe. Àwọn kan bi Ànábì léèrè bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n máa wá a. Nígbà tí Sáyídínà Úmárù ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú, ó yí padà. Abú Úbáídà bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Èsì rẹ̀ ni pé inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ti ń lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Àrùn wà nínú kádàrá. Àyẹ̀wò náà wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ, lọ. Ẹ̀rù máa ń mú kí ènìyàn jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá, kí ó ní òun yóò lọ lẹ́yìn iléyá, tàbí lẹ́yìn ìgbà tí òun bá ta gaàrí. Èsì àyẹ̀wò kì í dá àrùn sílẹ̀. Ohun tí ó ti wà lára ni ó ń sọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹnu ilé-ọmọ, àti ti prostate lára ọkùnrin: ìtọ́jú a máa rọrùn púpọ̀ bí a bá tètè rí i. Àwọn aláìsàn wa tí ó pọ̀ ni ó ń pẹ́ kí wọ́n tó dé iwájú dókítà.

Kí ẹ sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Prostate lè wú pẹ̀lú ọjọ́ orí láìní jẹjẹrẹ nínú. Bí èsì bá pẹ́, ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí ibi. Bí wọ́n bá gé ẹran díẹ̀ lára kókó, wọn yóò rẹ ẹ́ sínú oògùn kí ó má bàa jẹrà, wọn yóò fi ìda mú un le, wọn yóò gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn yóò pa á láró, kí dókítà tó fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Bí ó bá ti kọjá ìgbà tí wọ́n dá, pè wọ́n, tàbí kí o padà lọ béèrè.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ìyá Ànábì Músá kò dá ẹrù náà rù. Ó pa àṣírí mọ́ fún ìgboro, ṣùgbọ́n ó sọ fún ọmọ rẹ̀ nínú ilé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Yan ẹnì kan tí ó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, kí o sì sọ fún un. Kí ó bá ọ lọ, nítorí etí tí ẹ̀rù ti dí kì í gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà wí. Kọ ìbéèrè rẹ sínú ìwé kí o tó kúrò nílé. Bí oorun bá dá ọ lójú lóru, ṣe àlùwàlá, kí o kí ráká méjì. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wúwo fún un. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, jẹun, kí o lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ. Bí àìsùn náà kò bá lọ, sọ ọ́ fún dókítà.

Ẹ̀yin jàmáà, ẹrù yìí kan àwa náà. Láti Ìlaròó gba Pápálántò dé Abẹ́òkúta, tàbí láti Ayétòrò, owó ọkọ̀ nìkan lè dá ènìyàn dúró sílé. Sàráà ni kí o san án fún un. Ẹ má ṣe sọ fún un pé ayé ni ó ń ṣe é. Bí ẹnì kan bá gbé àgbo wá láti òdìkejì bọ́dà, tí ó ní kí ó má lọ mọ́, ẹ má ṣe tì í lẹ́yìn. Àdúà àti rúkíà dára. Wọn kò gba ipò ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹ̀yin ọkọ, ìwé dókítà tí ó wà lọ́wọ́ ìyàwó yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan.

Èsì tèmi jáde, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìlérí tí ìyá Músá gbà lórí ọmọ rẹ̀, a kò gba irú rẹ̀ lórí àyẹ̀wò wa. Èyí tí a gbà ni pé Ọlọ́hun kì í di ẹrù tí ó ju agbára ọkàn lọ lé e, àti pé Ó wà pẹ̀lú àwọn onísùúrù, ìbáà jẹ́ èsì rere tàbí èyí tí ó le.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ ni arábìnrin wa ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò bá a lọ.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí O di ọkàn ìyá Ànábì Músá mú, di ọkàn gbogbo ẹni tí ń retí èsì mú. Wo àwọn aláìsàn wa sàn. Fún àwọn dókítà wa ní òye. Jẹ́ kí á jẹ́ ọwọ́ tí a ó fi gbé ara wa dìde. Àmín.