Òjò Dídì àti Ìmọ́lẹ̀

Ìbéèrè: Kí ló dé tí òjò dídì fi ń funfun báláú, nígbà tí omi dídì máa ń mọ́ gaara?

Ìdáhùn: Òjò dídì, ìyẹn èérún omi dídì tó ń bọ́ láti inú ìkùukùu, kò ní àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n nítorí pé afẹ́fẹ́ wà láàárín àwọn èérún náà, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú wọn a máa ta síhìn-ín sọ́hùn-ún lára ojú wọn tí kò lóǹkà, títí gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ yóò fi jùmọ̀ jáde padà ní funfun. Ẹwà èérún kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: Wilson Bentley, àgbẹ̀ kan ní Vermont ní Amẹ́ríkà, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ya àwòrán ẹyọ kan ní 1885, ó sì ya èyí tó lé ní 5,000 kó tó kú, iṣẹ́ ribiribi tó fi onírúurú ọ̀nà tí igun mẹ́fà èérún wọ̀nyí ń gbà pẹ̀ka han aráyé.