Irúgbìn Ni Kó O Kọ́kọ́ Yàn

Adjamé,
Abidjan.

Ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti rí ìwé ìṣirò owó tí o fi ránṣẹ́. Ilé ọ̀rá tí àwọn ará ibí ń pè ní serre, fáànù ńláńlá, pẹ̀lú páálí tí omi ń ṣàn lára rẹ̀: gbogbo rẹ̀ lo fẹ́ gbé kalẹ̀ sí Bingerville nítorí tòmátì. Inú mi dùn pé iṣẹ́ àgbẹ̀ wù ọ́. Ṣùgbọ́n dá owó fáànù yẹn dúró ná.

Bí omi ara páálí bá ṣe ń gbẹ ló ṣe ń mú afẹ́fẹ́ tutù. Ní aṣálẹ̀ Arizona tàbí ti Abu Dhabi, ooru ọ̀sán lè fi ìwọ̀n Celsius 10 lọ sílẹ̀, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí òkun làwa ń gbé. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Abidjan sábà máa ń lé ní 80 nínú 100. Afẹ́fẹ́ tó ti mumi yó kò ní gba omi mọ́. Fáànù á jẹ owó iná, ooru kò sì ní dín ju ìwọ̀n mélòó kan lọ. Bó bá jẹ́ Korhogo ní àríwá lásìkò ọyẹ́ ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Òru gan-an ló ń ṣe òdòdó tòmátì léṣe. Bó bá ti ń gbóná kọjá 21 sí 24, òdòdó á máa já dànù láìso, òru tiwa kì í sì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta irúgbìn tòmátì ràbàtà inú ilé gíláàsì Netherlands fún ọ. Irúgbìn Petomech dára: awọ rẹ̀ le, ó ṣeé kó rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n oko ìgbà ẹ̀rùn ni tirẹ̀, bí àwọn ará Burkina Faso ti ń gbìn ín. Kò lè dá owó ilé padà fún ọ. Cobra 26 àti Mongal ni èmi á gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ṣe wọ́n fún, àrùn ìrọ kì í sì í tètè ṣẹ́gun wọn.

Àrùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Igi á tutù yọ̀yọ̀ láàárọ̀, á rọ lọ́sàn-án, ewé rẹ̀ kò tilẹ̀ ní pọ́n. Gé ìdí rẹ̀, kó o tì í bọ omi tó mọ́ nínú ife gíláàsì. Bí ohun funfun bíi wàrà bá ń ṣàn jáde, ó ti wà nínú ilẹ̀ rẹ nìyẹn, kò sì sí oògùn tó máa wẹ ilẹ̀ náà mọ́. Ibi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń gé orí tòmátì so mọ́ ìdí ìkàn. World Vegetable Center ní Taiwan ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́gbọ́n yìí tipẹ́.

Òrùlé ọ̀rá gíga tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tó ọ. Fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹ̀gbẹ́ náà nítorí kòkòrò. Láti April dé July tí òjò ń ba tòmátì ìta jẹ́ ni òrùlé yẹn máa pawó. Gbin Cobra 26, Mongal àti tòmátì wẹ́wẹ́ síbẹ̀, gbin díẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta pẹ̀lú, kí o máa wọn ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá so. Jọ̀wọ́, fi ìwé ìwọ̀n náà hàn mí kó o tó sanwó fáànù kankan.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.