Ìwé Mélòó Ló Kọ, Ta Ló sì Jẹ́rìí Rẹ̀?

Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò, ẹ sì lè ka lẹ́tà ọmọ yín láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣì kù: kí á mọ irú ìwé tí ó yẹ kí á gbà gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a parí ẹ̀kọ́, ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ìwé ìpolówó kan jáde. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo ti kà á fúnra mi. Kókó kan wà lọ́mú àbúrò mi. Ẹni tí ń ta oògùn yìí ní dókítà ńlá ni òun, ó ní òun ti kọ igba ìwé lórí àrùn jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó kọ igba ìwé, ṣé ó lè parọ́ ni?"

Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Ó dùn nítorí pé ìyá yìí kò mọ A yàtọ̀ sí B nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ kíláàsì wa. Ó bàjẹ́ nítorí pé ohun tí ó kà lè pa àbúrò rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ìbéèrè yín dára. Ẹ má dúró de oògùn yìí o. Ọ̀la ni kí ẹ mú àbúrò yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ti igba ìwé yẹn, gbogbo kíláàsì ni n ó dá a lóhùn fún." Ìdáhùn náà ni ẹ̀kọ́ wa òní.

1. Bí olùwádìí ṣe ń kọ ìwé

Nígbà tí olùwádìí bá rí ohun tuntun nípa jẹjẹrẹ, kì í gbé e lọ sí gáréèjì kí ó máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde rẹ̀. Ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí ó ṣe, bí ó ṣe ṣe é, iye aláìsàn tàbí ẹranko tí ó yẹ̀ wò, àti ohun tí ó rí. Ojú ewé díẹ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tẹ ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Àwọn yẹn yóò gbé e fún àwọn mìíràn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú, kí wọ́n wá àṣìṣe inú rẹ̀. Bí kò bá dára, wọn a dá a padà. Bí ó bá dára, wọn a tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ẹni tí ó bá kọ ìwé tuntun gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn ìwé ìṣáájú tí ó lò. Ìdárúkọ yìí ni à ń pè ní ìtọ́kasí. Ẹ wò ó bí ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ti bàbá òun ni ilẹ̀ kan, a ó bi í pé, "Ta ló mọ̀ sí i?" Bí àwọn tí wọ́n bá bàbá rẹ̀ pààlà bá jáde wá jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́kasí rí láàrin àwọn olùwádìí.

2. Bí wọ́n ṣe ń ka ẹlẹ́rìí

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eugene Garfield, dábàá ní ọdún 1955 pé kí á máa kọ gbogbo ìtọ́kasí jọ síbì kan. Ní ọdún 1964, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ńlá tí ó ń fi hàn bí ìwé kan ṣe tọ́ka sí òmíràn. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìpínlẹ̀ California, mú ọ̀nà ìṣirò kan wá. Òun ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè ní nọ́ńbà Hirsch. Ẹ jẹ́ kí á ṣe é. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì yín.

Olùwádìí kìíní kọ ìwé 6. Iye ìtọ́kasí ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyí: 20, 9, 5, 4, 2, 0.
Olùwádìí kejì náà kọ ìwé 6. Tirẹ̀ nìyí: 300, 3, 1, 0, 0, 0.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó pọ̀ jù. Ẹ wo ti ẹni kìíní. Ṣé ó ní ìwé 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́kasí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ó ní: 20, 9, 5, 4. Ṣé ó ní ìwé 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 5? Kò ní. Nítorí náà, 4 ni nọ́ńbà Hirsch rẹ̀. Ti ẹni kejì ń kọ́? Ìwé 2 péré ni ó ní tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 2.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ ṣírò gbogbo ìtọ́kasí ẹni kìíní, 40 ni. Ti ẹni kejì jẹ́ 304! Síbẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ kéré. Ìwé kan ṣoṣo ni ó kọ tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà yìí kò rí i. Nọ́ńbà wúlò, ṣùgbọ́n kò lójú. Ẹ jẹ́ kí á wo ìwé kan tí kò sí nọ́ńbà tí ì bá mọ iyì rẹ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde.

3. Ìtàn Peyton Rous àti adìẹ

Ní ọdún 1909, ẹnì kan gbé àgbébọ̀ adìẹ kan lọ bá Dókítà Peyton Rous ní ilé ìwádìí Rockefeller ní ìlú New York. Kókó ńlá kan wà láyà adìẹ náà. Nígbà tí ó yá, Rous lọ kókó irú èyí kúnná, ó pò ó mọ́ omi, ó sì sẹ́ ẹ. Asẹ́ tí ó lò kì í ṣe irú asẹ́ ògì o. Ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó fi omi tí ó sẹ́ náà gún adìẹ mìíràn ní abẹ́rẹ́. Adìẹ náà ní kókó bíi ti àkọ́kọ́.

Kí ni èyí fi hàn? Ó fi hàn pé ohun kan tí ó kéré ju bakitéríà lọ ni ó ń gbé jẹjẹrẹ yìí láti ara adìẹ kan dé ara òmíràn. Fáírọ́ọ̀sì ni à ń pè é. (Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù adìẹ o. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í fún ènìyàn ní jẹjẹrẹ.) Rous tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1911. Ẹni ọdún 31 ni nígbà náà.

Wọ́n ha pàtẹ́wọ́ fún un bí? Rárá. Àwọn kan ní kì í ṣe jẹjẹrẹ tòótọ́. Àwọn mìíràn ní adìẹ ló rí, kò rí ènìyàn. Rous fúnra rẹ̀ wá irú rẹ̀ lára eku, kò rí i. Ó pa iṣẹ́ náà tì ní ọdún 1915, ó kọjú sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n rí ọ̀nà tí a fi lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ fún aláìsàn. Ẹ ò rí i pé òótọ́ dé ọjà, ó kù tà?

Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rìí ń bọ̀ lọ́nà. Ní nǹkan bí ọdún 1933, Richard Shope rí fáírọ́ọ̀sì tí ń hu kókó lára ehoro, Rous sì padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1951, Ludwik Gross rí ti eku. Ní ọdún 1958, Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Kampala ní Uganda, kọ̀wé nípa ìwú kan tí ń mú àwọn ọmọdé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, irú èyí tí ń mú àwọn ọmọ wa níhìn-ín náà. Ní ọdún 1964, Epstein, Achong àti Barr ní London kọ̀wé pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì nínú ìwú yẹn gan-an.

Ní ọdún 1966, wọ́n fún Rous ní Ẹ̀bùn Nobel. Ẹni ọdún 87 ni. Ọdún 55 ti kọjá lórí ìwé rẹ̀. Kò sí lẹ́tà kan tí ó yí padà nínú ìwé 1911 náà. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọn kò kà á sí, òun náà ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yẹ́ ẹ sí. Àwọn ẹlẹ́rìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọ̀nà yẹn kan náà ni Harald zur Hausen, ará Jámánì, tọ̀. Ní ọdún 1983, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀wé pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ àwọn obìnrin. Òun náà gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí mú un wọ inú àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìlera tí ó wà nítòsí yín.

4. Ohun tí nọ́ńbà kò lè sọ

(a) Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹni tí ó kọ igba ìwé tí kò sí ẹni tí ó tọ́ka sí ọ̀kan, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.
(b) Ènìyàn lè tọ́ka sí ìwé ara rẹ̀, ọ̀rẹ́ sì lè tọ́ka sí ti ọ̀rẹ́. Ẹni tí ń jẹ́rìí ara rẹ̀, ẹ mọ ojú tí à ń fi í wò.
(d) A lè tọ́ka sí ìwé kan láti fi hàn pé irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà yóò kà á mọ́ ọn ṣáá.
(e) Òtítọ́ lè pẹ́ kí ó tó rí ẹlẹ́rìí, bíi ti Rous. Nítorí náà kí á má fi nọ́ńbà kékeré gan ọ̀dọ́ olùwádìí. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí kan pàdé ní San Francisco, wọ́n sì kọ àdéhùn pé iṣẹ́ ènìyàn gan-an ni kí á máa yẹ̀ wò, kí á má fi òkìkí ìwé ìròyìn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde díwọ̀n rẹ̀.

5. Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ìwé ìpolówó

Èmi àti kíláàsì jọ kà á. A béèrè pé: Ibo ni wọ́n ti tẹ igba ìwé náà? Kò sí níbẹ̀. Ta ló yẹ̀ wọ́n wò? Kò sí. Aláìsàn mélòó ló lo oògùn náà, mélòó ló yè, mélòó ló kú? Kò sí. Kí ló wá wà níbẹ̀? Iye owó oògùn ni, wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ìyá elélùbọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, Rous ní adìẹ. Eléyìí ò tilẹ̀ ní adìẹ!"

Ó ti mú àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tàn kálẹ̀, wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kókó ọmú ni jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ, bí a bá sì tètè lọ, ìtọ́jú rẹ̀ a máa rọrùn jù. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni dá yín dúró sílé.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtọ́kasí? Kí ni a fi wé e nínú ẹ̀kọ́ yìí?
2. Ọdún mélòó ni ó wà láàrin ìwé Rous àti Ẹ̀bùn Nobel rẹ̀?
3. Olùwádìí kan kọ ìwé 5. Ìtọ́kasí wọn ni 12, 7, 3, 3, 1. Kí ni nọ́ńbà Hirsch rẹ̀? (Ìdáhùn: 3.)
4. Ẹ mú ìwé ìpolówó oògùn kan wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ ó bi ẹni tí ó kọ ọ́.