ÈDÈ ILÉ OLÓÚNJẸ NÍ ÌKÌRUN, ÌNÍSÀ ÀTI ÒKUKÙ

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Òwe yìí to oúnjẹ láti orí èyí tí ó níyì jù dé orí èyí tí a kàn fi ń tan ẹnu jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn oúnjẹ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín. Èdè tí olóúnjẹ àti oníbàárà rẹ̀ ń bá ara wọn sọ ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà pé inú ìwé àti ẹnu àwọn akéwì nìkan ni ìjìnlẹ̀ Yorùbá wà. Èrò wa ni pé ó wà ní ìdí ààrò pẹ̀lú, àti pé bí a bá ń lọ síbẹ̀ láti jẹun nìkan, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ìlú Mẹ́ta Lójú Ọ̀nà Kan

Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà ní apá àríwá Òṣogbo, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ìkìrun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn. Òkukù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Ìnísà sì wà. Ní ọdún 1907 ni ọ̀nà reluwé dé Òṣogbo láti Èkó àti Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, agbègbè yìí ni ó gbà kọjá. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró, àlejò a máa sọ̀ níbẹ̀. Àlejò tí ó bá sì sọ̀ kò ní ṣàì wá oúnjẹ. Awakọ̀, oníṣòwò tí ń ná ọjà, àti òṣìṣẹ́ tí kò kó ìyàwó wá síbi iṣẹ́, oníbàárà olóúnjẹ ni gbogbo wọn. Ìjọba dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 2006. Nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọgbà rẹ̀ wà ní Òkukù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá dara pọ̀ mọ́ àwọn oníbàárà wọ̀nyí.

Ẹnìkan lè sọ pé jíjẹun níta kì í ṣe àṣà wa. Òótọ́ ni pé àwọn òbí a máa bá ọmọ tí ń jẹun kiri wí; wọn a ní alájẹkì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni jíjẹun kiri, ọ̀tọ̀ ni ríra oúnjẹ sísè. Ó ti pẹ́ tí ẹlẹ́kọ àti alákàrà ti ń kiri láàárọ̀ kí ọ̀pọ̀ ilé tó dáná. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ àpilẹ̀kọ méjì tí ó jáde ní 1951: ọ̀kan lórí oúnjẹ Yorùbá, ìkejì lórí bí a ṣe ń sè é.

Orúkọ Ilé àti Orúkọ Ẹni tí ń Tà

Inú èdè Haúsá ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà "búkà". Àtíbàbà tàbí ahéré ni ó túmọ̀ sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ mu, nítorí abẹ́ àtíbàbà ni ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan orúkọ ẹni tí ń tà, Yorùbá pọ́ńbélé ni a ń lò. A ó mú "oní-", a ó so ó mọ́ orúkọ oúnjẹ:

oní + iyán: oníyán
oní + ìrẹsì: onírẹsì
oní + fùfú: onífùfú
oní + àmàlà: alámàlà
oní + ẹ̀bà: ẹlẹ́bà
oní + ẹ̀wà: ẹlẹ́wà
oní + oúnjẹ: olóúnjẹ

Ẹ kíyè sí i pé bí orúkọ oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì "i", "n" inú "oní-" dúró. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì mìíràn, "n" yóò di "l", fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú yóò sì bá fáwẹ̀lì oúnjẹ náà dọ́gba. Kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ní òfin yìí nínú kíláàsì, síbẹ̀ wọn kì í ṣì í. Bí oúnjẹ tuntun bá dé ìlú lọ́la, wọn yóò fún ẹni tí ń tà á ní orúkọ láìdúró ronú.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Ìdí Ààrò

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Lẹ́nu ìyá olóúnjẹ, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. A ń gún iyán. A ń ro ọkà, èyí tí í ṣe àmàlà. A ń tẹ ẹ̀bà. A ń já ewédú. A ń se ẹ̀wà. A ń dín dòdò. A ń yan ẹja. A ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ìmọ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó sọ pé òun fẹ́ ro ọkà ti rí ọmọ-orógùn lọ́kàn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé iná gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìkòkò. Ẹni tí ó sọ pé òun fẹ́ gún iyán ti rí odó. Ẹni tí ó sọ pé òun fẹ́ já ewédú ti na ọwọ́ sí ìjábẹ̀; ọ̀rọ̀-ìṣe "já" náà ni a sì rí nínú orúkọ ohun èlò yìí: ì + já + ọbẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ohùn tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn ìsàlẹ̀ ni "bù", "rò", "tẹ̀" àti "sè" ní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé wọn, ohùn náà yóò di ti àárín: "ẹ bu ọbẹ̀", "ó ro ọkà". Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ni ó tẹ̀ lé wọn, ohùn ìsàlẹ̀ wọn yóò padà: "ẹ bù ú", "ó rò ó". Ẹni tí ó bá jókòó fún wákàtí kan ní búkà yóò gbọ́ òfin yìí títí etí rẹ̀ yóò fi kún.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwa akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá wa. "Mo fẹ́ ṣe àmàlà." "Wọ́n ti ṣe ẹ̀bà." "Ta ni yóò ṣe ewédú?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ṣe", ti gbé gbogbo ìyókù mì. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá kú, orúkọ ohun èlò kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Lónìí, ẹ̀rọ wà tí ń gún iyán, ẹ̀rọ wà tí ń lọ ewédú. A kò bá ẹ̀rọ jà. Ẹni tí kò bá gún iyán ogún ènìyàn rí ni yóò sọ pé kí àwọn ìyá wọ̀nyí má simi. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tí kò rí ìjábẹ̀ rí kò ní bèèrè orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣì mọ̀ ọ́n ni ó sì yẹ kí á ti kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ẹ̀yà ara ẹran: ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, àbọ̀dí, bọ̀kọ̀tọ̀, pọ̀nmọ́. Ẹni tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè yóò rí iṣẹ́ ṣe nínú abọ́ ọbẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀wọ̀ àti Ẹbí Nínú Kárà-kátà

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ irú ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wáyé:

Oníbàárà: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.
Olóúnjẹ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ mi. Ṣé àmàlà ni àbí iyán?
Oníbàárà: Ẹ bá mi bu àmàlà, kí ẹ fi ewédú àti gbẹ̀gìrì sí i.
Olóúnjẹ: Ẹran ńkọ́?
Oníbàárà: Ṣàkì méjì, pọ̀nmọ́ kan. Ẹ má gbàgbé èènì o.
Olóúnjẹ: Èènì ọbẹ̀ ni mo lè ṣe. Ẹran ti wọ́n jù.

Oníbàárà kò sọ pé "ẹ bu àmàlà fún mi" nìkan. "Ẹ bá mi bu" ni ó sọ. "Bá mi" yìí sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀. Olóúnjẹ náà pè é ní "ọkọ mi". Nínú ilé Yorùbá, ìyàwó a máa pe àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, títí kan ọmọdé. Nítorí náà, bí ó ti pè é bẹ́ẹ̀, ó ti fi àlejò sí ipò ará ilé. Àwọn àgbà sì ní, "Ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ." Ẹni tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì kejì, tí ẹ kò mọ ara yín rí, yóò sọ pé, "Ẹ wá jẹun." Ìwọ yóò dáhùn pé, "Yóò gba ibi ire." Kò retí pé kí o ti ọwọ́ bọ abọ́ òun, ó kàn ń fi hàn pé ènìyàn kì í dá jẹun níṣojú ẹnìkejì láìfi lọ̀ ọ́.

Bí èdè ẹbí ti wà níbẹ̀, èdè owó náà wà. Kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, tọ́rọ̀, sísì àti ṣílè ni a fi ń ra oúnjẹ. "Iyán sísì" ni wọn ń wí nígbà náà. Owó ti yí padà, ṣùgbọ́n ìhun gbólóhùn náà kò yí: "iyán ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà". Owó ni a fi ń wọn oúnjẹ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ibi tí èdè méjèèjì ti ń kọlu ara wọn ni àwìn. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn yóò jẹ àjẹyó, yóò ní, "Ìyá mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀", kò sì ní gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá pe obìnrin ní ìyá, tí ó sì jẹ ẹ́ lówó sá lọ, ti fi ọ̀rọ̀ náà jalè. Irú wọn ni ó ń jẹ́ kí olóúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó kí ó tó bu oúnjẹ, tí yóò sì gbàgbé "ọkọ mi". Gbèsè a máa ba èdè jẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ilé olóúnjẹ ní òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ó ní òfin ohùn, ó sì ní ẹ̀kọ́ ọ̀wọ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń lò ó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Kò pọn dandan kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ń ṣọ́ èdè fún wa. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí a mọ̀. Nígbà mìíràn tí o bá dé búkà ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù, mú ìwé kékeré dání. Bèèrè orúkọ ohun tí wọ́n fi ń ro ọkà. Bèèrè bí wọ́n ṣe ń pè é ní ìlú tí a ti bí ìyá náà, nítorí ẹ̀ka-èdè kì í parọ́. Dúró kí èrò dín kù kí o tó bèèrè. Àsìkò títà kì í ṣe àsìkò ìwádìí. Kí o sì san owó oúnjẹ rẹ kí o tó dìde.